Ọdún tí owó wà nínú fóònù tí kò sí lọ́wọ́

Èlùbọ́ ni mò ń tà lọ́jà Bódìjà n'Ìbàdàn. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rìndínlógún tí mo ti wà nídìí ẹ̀, ìyá mi ló fi ìsọ̀ yẹn lé mi lọ́wọ́, ibi tí wọ́n máa ń jókòó sí náà ni mo ṣì ń jókòó sí títí dòní. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé, ohun tójú mi rí ni, lórí ọ̀rọ̀ owó, lórí fóònù, lórí ọ̀nà Ṣakí, àti ìdí tí mo fi ń ṣe òwò mi bí mo ṣe ń ṣe é báyìí, torí àwọn ọmọ mi máa ń bi mí pé Mọ́mì, kí ló dé tí ẹ ò kàn kó gbogbo owó yín sí ojú kan, kí ló dé tí ẹ ṣì ń kọ orúkọ èèyàn sínú ìwé láyé ìsinsìnyí. Mi ò tíì dá wọn lóhùn dáadáa rí.

Ẹni tí ò bá mọ bí èlùbọ́ ṣe ń dé Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ mi ò lè yé e. Wọ́n á bẹ iṣu, wọ́n á dà á sínú omi tó gbóná níwọ̀nba, wọn ò ní jẹ́ kó jinná, wọ́n á fi í sílẹ̀ nínú omi yẹn mọ́jú, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá sá a sóòrùn fún ọjọ́ mélòó kan. Tó bá ti gbẹ dáadáa, òun là ń pè ní gbodo, gbodo yẹn la máa ń kó lọ sílé ẹ̀rọ tó fi ń di èlùbọ́. Oòrùn ló ni iṣẹ́ yẹn. Àsìkò ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn, láti nǹkan bíi Dísẹ́ńbà sí Máàṣì, ni gbodo tó dáa jù máa ń jáde. Gbodo tí òjò bá pa, kò sí bó o ṣe lè lọ̀ ọ́ kúná tó, àmàlà ẹ̀ á máa rùn, oníbàárà á rà á lẹ́ẹ̀kan, kò ní padà wá mọ́, kò sì ní sọ ìdí tí ò fi padà wá fún ẹ. Torí náà àsìkò yẹn ni àwa alélùbọ́ máa ń kó gbogbo owó tá a ní jọ, tí a ó gba Òkè-Ògùn lọ, Ṣakí, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì, tí a ó ra èyí tí a máa tà títí òjò fi máa dá. Tó o bá pàdánù àsìkò yẹn, ọwọ́ aláròóbọ̀ lo ti máa rà lóṣù kẹfà, iye tó bá sì pè náà lo máa san.

Àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n yàn láti pààrọ̀ owó.

Lọ́jọ́ 26 Òkìtóbà 2022, Emefiele tó jẹ́ gómìnà báǹkì àpapọ̀ nígbà yẹn bọ́ síta pé àwọn máa yí náírà 200, 500 àti 1,000 padà. Buhari fi owó tuntun yẹn han gbogbo èèyàn lọ́jọ́ 23 Nòfẹ́ńbà, wọ́n ní á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́jọ́ 15 Dísẹ́ńbà, pé tó bá ti di 31 Jánúárì 2023, ti àtijọ́ ò wúlò mọ́. Ẹ kà á wò, ọ̀sẹ̀ méje ò pé. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé nínú trílíọ̀nù 3.23 náírà tó wà nílùú, trílíọ̀nù 2.73 ni ò sí ní báǹkì, wọ́n ní àwọn èèyàn kó o pamọ́ sílé. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an, ó sì ń dùn mí títí di òní tí mò ń kọ eléyìí. Owó tó wà lọ́wọ́ alájàpá lóṣù Jánúárì kì í ṣe owó tó ń sùn. Owó gbodo ni, oòrùn ló ń dúró dè. Ẹni tó wà l'Ábújá tó ń wo ìwé ìṣirò ò lè mọ ìyẹn àfi tó bá bi wá, wọn ò sì bi wá.

Ìyá mi ṣì wà láyé nígbà yẹn. Rédíò ni wọ́n ti gbọ́ ọ, wọ́n yí ohùn rédíò náà sílẹ̀, wọ́n ní, "Buhari yìí kan náà ló ṣe irú ẹ̀ ní 1984." Òótọ́ sì ni, oṣù Éépírì 1984, ayé ìjọba ológun, wọ́n yí àwọ̀ owó padà, wọ́n ti ibodè pa. Ìyá mi ní àwọn ń ra ọjà nígbà náà, àwọn mọ ohun tójú àwọn rí. Wọ́n wá sọ fún mi pé, "Má ṣe kó gbogbo ẹ̀ lọ. Fi díẹ̀ ra ọjà kíákíá, kódà tí kò bá tíì gbẹ tán." Mi ò gbọ́. Mo ní Màmá, ayé ti yàtọ̀ sí ti 1984, fóònù ti wà, transfer ti wà, tí owó bá ti wọ báǹkì mo lè fi ránṣẹ́ sẹ́ni tó bá wù mí nígbà tó bá wù mí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Jánúárì mo kó 780,000 náírà lọ síbẹ̀, gbogbo owó tí mo fẹ́ fi ṣòwò ọdún yẹn. Wọ́n kà á, ó pé, álẹ́ẹ̀tì wọlé, inú mi dùn.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò rí owó yẹn sójú mọ́ fún oṣù méjì gbáko. Ó wà níbẹ̀ o. Tí mo bá ṣí fóònù mi báyìí màá rí i, nọ́ńbà ẹ̀ ò yí padà, àmọ́ mi ò lè fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ kẹta tí mo fi tò síwájú báǹkì, láti aago márùn-ún ìdájí ni, 5,000 ni wọ́n fún mi, ọkùnrin kan tó wà lẹ́yìn mi tó gbé ọmọ lọ sọ́sibítù ò rí nǹkan kan gbà rárá torí owó tán lórí mi. Ojú ọkùnrin yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Mo fún un ní 2,000 nínú ẹ̀, ó gbà á, kò lè sọ̀rọ̀.

Ọmọkùnrin kan wà tó ń ṣe POS lẹ́nu ọ̀nà ọjà wa. Tẹ́lẹ̀, náírà 200 ló máa ń gbà lórí 10,000. Lọ́sẹ̀ yẹn ó ní 2,500. Mo gba 50,000 lọ́wọ́ ẹ̀, ìyẹn ni pé 12,500 bá a lọ kí n tó ra ẹyọ gbodo kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́jà ń pè é ní olè, àmọ́ èmi bi í léèrè ibi tó ti ń rí owó yìí, ó ní òun náà ń rà á ni, pé òun máa ń lọ sílé epo lálẹ́ lọ bá wọn dúnàádúrà, pé èrè tó kù fún òun ò tó nǹkan. Mo gbà á gbọ́. Nígbà tí omi bá wọ́n, ẹni tó ń fi kẹ́ẹ̀gì tà á kọ́ lo máa bá jà, ẹni tó ti ẹ̀rọ omi pa ni.

Wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú di 10 Fẹ́búárì. Ọyẹ́ ń lọ. Àwọn tó ń sá gbodo ò lè dá oòrùn dúró dè mí. Mo gbéra lọ sí Ṣakí lọ́jọ́ Tuesday, 7 Fẹ́búárì, pẹ̀lú 37,000 lọ́wọ́ àti gbogbo ìyókù nínú fóònù. Epo bẹntiróòlù náà ò sí nígbà yẹn, ilé epo tó bá sì ń tà, owó gidi ni wọ́n ń gbà, torí náà dírẹ́bà náà ò gba transfer, ó kọ ọ́ sára kádíbọ́ọ̀dù síwájú mọ́tò, CASH NIKAN. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn láti ìgbà tí wọ́n ti tún un ṣe, ẹ mọ̀ pé ọ̀nà dáadáa ni, kìlómítà 65 yẹn kì í gba àkókò mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ tí a máa ń fi gbogbo ọjọ́ bọ́ sínú kòtò. Mo máa ń gbóríyìn fún ẹni tó bá ṣe nǹkan tó dáa, kò kàn mí ẹgbẹ́ tó wà. Àmọ́ ohun tí mò ń rò nínú mọ́tò lọ́jọ́ yẹn ni pé ọ̀nà ti dáa, mọ́tò wà, gbodo wà, ẹni tó fẹ́ rà á wà, ẹni tó fẹ́ tà á wà, tákàdá ni ò sí.

Abúlé tí mo ti máa ń rajà tó nǹkan bí ogún mínítì lórí ọ̀kadà tó o bá ti kúrò ní Ṣakí. Orí àpáta ni wọ́n ti ń sá gbodo níbẹ̀. Tó o bá ń bọ̀ látòkèèrè, wàá rí i bí ẹni pé wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí òkè. Màmá tó ń tà fún mi, ọ̀rẹ́ ìyá mi ni, wọ́n á ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, wọn ò ní fóònù, wọn ò sì wá a. Mo mú gbodo kan, mo ṣẹ́ ẹ, ó dún kà, inú ẹ̀ funfun, kò ní ilà dúdú kankan, mo gbé e símú, kò rùn, òórùn iṣu lásán ni. Ọdún yẹn ni mo rí gbodo tó dáa jù láti ìgbà tí mo ti ń ṣòwò yìí. Àpò méjìlá ni wọ́n ní nílẹ̀, a dúnàádúrà, a fi sí 28,000 àpò kan, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 336,000.

Mo ní màá ṣe transfer. Wọ́n pe ọmọ ọmọ wọn kan tó ní àkáǹtì, ọmọ náà ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò sí nísàlẹ̀, a ní láti gun orí àpáta lọ. Èmi àtọmọ náà gùn ún, a rọra ń tẹ àárín gbodo tí wọ́n sá, mo na fóònù sókè, mo tẹ nọ́ńbà, mo tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí mi, ó ń yí, ó ń yí, lẹ́yìn nǹkan bíi mínítì mẹ́rin ó ní ó ti lọ. Wọ́n ti yọ 336,000 lọ́wọ́ mi. A jókòó sórí àpáta yẹn pé ká dúró de álẹ́ẹ̀tì tọmọ náà. Oòrùn kúrò lórí wa, ó lọ sápá kejì, kò wọlé. Mo pe nọ́ńbà báǹkì, orin ni wọ́n ń kọ sí mi létí títí kírẹ́díìtì mi fi tán.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, ojú ti ń tì mí. Mo na fóònù sí Màmá, mo ní, "Màmá, ẹ wò ó, owó ti kúrò lọ́dọ̀ mi."

Wọn ò wo fóònù náà. Wọ́n ní, "Ó kúrò lọ́dọ̀ rẹ, kò dé ọ̀dọ̀ mi. Ọ̀dọ̀ ta ló wá wà?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Títí di òní, nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ owó orí fóònù bá délẹ̀, ìbéèrè yẹn ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn, mo sì ti bi àwọn tó kàwé, wọ́n ṣàlàyé fún mi nípa ẹ̀rọ tó ń so báǹkì pọ̀ mọ́ra, pé láti 2011 ló ti ń gbé owó láti báǹkì kan sí òmíì lójú ẹsẹ̀, pé nígbà tí gbogbo Nàìjíríà bá dà bò ó lẹ́ẹ̀kan náà ó lè há sáàárín. Ó yé mi. Àmọ́ kì í ṣe ohun tí Màmá bi mí nìyẹn. Ohun tí wọ́n ń bi mí ni pé èèyàn wo ni ká lọ bá.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n padà sílé, tó bá wọlé fún wọn kí wọ́n ránṣẹ́ sí mi, kí n wá kó ẹrù. Màmá ní rárá. Wọ́n ní, "Mi ò mọ ẹni tó wà nínú fóònù yẹn. Ìwọ ni mo mọ̀. Ìyá rẹ ni mo mọ̀. Kó ẹrù rẹ, kílẹ̀ má ṣú bá ẹ lọ́nà." Wọ́n wọlé, wọ́n gbé igbá kékeré kan jáde, wọ́n ṣa ẹyọ gbodo méjìlá sínú ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún àpò kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbi tí wọ́n ń sùn sí. Kò sí ìwé, kò sí ẹlẹ́rìí, kò sí ìka títẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, omi ń bọ́ lójú mi. Owó mọ́tò tí mo fi kó ẹrù náà dé Ìbàdàn ló gbé gbogbo èyí tó kù lọ́wọ́ mi, 1,500 lórí àpò kọ̀ọ̀kan, 18,000, yàtọ̀ sí owó tèmi fúnra mi.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, báǹkì dá 336,000 náà padà sínú àkáǹtì mi. Ẹ rí i pé kò dé ọ̀dọ̀ Màmá rárá. Tó bá ṣe pé wọ́n dá mi dúró ni, ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn ti lọ mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo wá délé, mo lọ èlùbọ́, mo gbé e sọ́jà, àwọn oníbàárà mi ò rówó rà á. Ìyá tó ń ta òkèlè lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tó máa ń ra kóńgò mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, dúró síwájú mi, kò sọ̀rọ̀. Mo mọ ohun tó fẹ́ sọ. Mo rántí igbá. Mo ra ìwé ogójì ewé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ. Àwìn kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ràn, ìyá mi ò sì fẹ́ràn ẹ̀, gbogbo ìsọ̀ ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí pé kò sí àwìn lónìí, àmọ́ tí mo bá ní màá dúró de owó, èlùbọ́ á jókòó tì mí, ebi á sì pa wọ́n nílé wọn. Èèyàn mẹ́tàlélógójì ló wọ inú ìwé yẹn láàárín Fẹ́búárì sí Máàṣì. Mọ́kàndínlógójì san gbogbo ẹ̀ láìsí pé mo bẹ̀ wọ́n. Méjì san díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi san án tán lóṣù kẹjọ. Ẹnì kan kú, mo fà á rẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni mi ò rí mọ́.

Ní gbogbo àsìkò yẹn wọ́n ń jà lórí ọ̀rọ̀ pípààrọ̀ owó yìí ní kóòtù. Lọ́jọ́ 16 Fẹ́búárì, Buhari sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé 200 àtijọ́ nìkan ni a ṣì lè ná, títí di 10 Éépírì. Wọ́n dìbò ààrẹ lọ́jọ́ 25 Fẹ́búárì, ẹlòmíì ò rówó ọ̀kadà tó máa gbé e débi ìdìbò. Lọ́jọ́ 3 Máàṣì, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní irọ́ ni, owó àtijọ́ ṣì wúlò títí di 31 Dísẹ́ńbà, nígbà tó sì yá, lóṣù Nòfẹ́ńbà, wọ́n ní kó máa lọ bẹ́ẹ̀ láìdá ọjọ́ kankan. Àmọ́ ẹjọ́ ti dá lọ́jọ́ 3, báǹkì àpapọ̀ ò sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ 13. Ọjọ́ mẹ́wàá. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá yẹn, owó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn tí ilé ẹjọ́ sọ pé ó dáa, ẹnikẹ́ni ò sì gbà á, torí gbogbo wa ń wo ẹnu ẹnì kan. Ìgbà yẹn ló yé mi pé tákàdá náà, ìlérí ni. Fóònù jẹ́ ìlérí, tákàdá jẹ́ ìlérí, ohun tó ń mú wọn ṣiṣẹ́ ni pé kí ẹni tó ṣèlérí máa bá wa sọ òótọ́, kó sì tètè sọ ọ́.

Ìparí Máàṣì ni mo tó rí owó kó jọ, àtijọ́ ni púpọ̀ nínú ẹ̀, mo di í sínú tòbí bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe, mo lọ sí Ṣakí lọ san gbèsè. Ẹ ò ní gbà gbọ́, Màmá ò gba owó náà. Kì í ṣe pé wọ́n ń bínú, wọ́n ní àwọn tó ń rajà lábúlé ṣì ń sọ pé owó àtijọ́ ti kú. Mo ní kóòtù ti dá a, wọ́n ní kóòtù ò wá síbí. Ọmọ ọmọ wọn ló mú 1,000 kan nínú ẹ̀, ó gun ọ̀kadà lọ sí Ṣakí lọ ra epo òyìnbó, ó padà dé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì àti ṣéńjì. Màmá wo ṣéńjì náà tiwájú tẹ̀yìn. Wọ́n wá gbé igbá jáde, bí mo ṣe ń ka owó àpò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń mú gbodo kọ̀ọ̀kan kúrò, títí igbá fi ṣófo. Mo fẹ́ fi nǹkan lé e fún oore tí wọ́n ṣe, wọ́n kọ̀, wọ́n ní èyí tí a jọ sọ ni.

Kò ju oṣù méjì lọ lẹ́yìn ìyẹn tí Tinubu gorí àlééfà, 29 Mèé, tó ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, epo tí à ń rà ní nǹkan bíi 190 di nǹkan bíi 500. Àpò tí mo san 1,500 lé lórí di 3,000. Gbogbo àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ lọ rajà nígbà yẹn, ẹkún ni wọ́n sun. Èmi ṣì ní àpò márùn-ún nílẹ̀ nínú ti Màmá. Mo mọ ẹni tó yẹ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á kó rò pé mo kórìíra fóònù. Ẹni tó bá mọ ohun tójú alájàpá máa ń rí lọ́nà tẹ́lẹ̀ ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá mi di owó ọjà àádọ́ta àpò sínú tòbí lẹ́ẹ̀kan, àwọn adigunjalè dá wọn lọ́nà, wọ́n gba gbogbo ẹ̀, ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe aláàárù fún ẹlòmíì kí wọ́n tó tún dúró. Owó tó ń lọ láìsí pé mo gbé e sára, oore ńlá ni, mo sì ń lò ó lójoojúmọ́. Kìkì pé mo ti mọ ibi tí agbára ẹ̀ mọ.

Mo tún kọ́ òmíì ní 2024. Ọmọkùnrin kan wọ aṣọ tó dáa, ó kí mi dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀, ó ra ọjà 46,000, ó tẹ fóònù ẹ̀, álẹ́ẹ̀tì sì wọlé sórí fóònù mi gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń wọlé, orúkọ báǹkì, iye owó, gbogbo ẹ̀. Mo bá a gbé ẹrù dé ìdí mọ́tò. Alẹ́ tí mo ń ṣírò ni mo rí i pé àkáǹtì ò yí padà, ọ̀rọ̀ lásán ni ó fi ránṣẹ́. Ohun tó dùn mí jù kì í ṣe owó yẹn, ó dùn mí pé mo ti ń wo ọmọdé tó bá kí mi dáadáa tìfuratìfura látìgbà náà, ọmọ tó dáa ń jìyà ẹ̀. Ní báyìí, mi ò kí ń wo fóònù ẹni tó ń rajà, mi ò kí ń wo álẹ́ẹ̀tì, inú àkáǹtì mi ni mo máa ń wọ̀ lọ wo iye tó wà níbẹ̀. Tí kò bá tíì wọlé, mo máa ń fi àga fún oníbàárà, mo máa ń fún un lómi mu, màá di ẹrù ẹ̀ sọ́tọ̀ níṣojú ẹ̀, màá ní ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká jọ dúró. Ọ̀pọ̀ ló máa ń yé. Nígbà tí àwọn báǹkì ńlá kan ń yí ẹ̀rọ wọn padà ní Sẹ̀pútẹ́ńbà àti Òkìtóbà 2024, àwọn kan jókòó síwájú mi fún wákàtí mẹ́ta, a di ọ̀rẹ́ níbẹ̀.

Torí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, ìdí tí mi ò fi ń kó o sójú kan nìyẹn. Díẹ̀ wà ní báǹkì kan, díẹ̀ wà ní òmíì, mo ń fún alájọ lójoojúmọ́, mo wà nínú èésú àwọn obìnrin ọjà, èésú tí wọ́n ti ń dá kí báǹkì àkọ́kọ́ tó ṣílẹ̀kùn l'Ékòó ní 1892, owó díẹ̀ wà nílé, mo sì máa ń rí i pé gbodo wà nílẹ̀ nígbà gbogbo, torí gbodo ò nílò nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Ìwé ogójì ewé náà, mo ti wà lórí ìkẹrin. Mi ò kí ń kọ orúkọ ẹni tí mi ò mọ ilé ẹ̀ sínú ẹ̀, àmọ́ ẹni tí mo bá mọ̀, mi ò kí ń jẹ́ kó bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì.

Mo lọ sọ́dọ̀ Màmá lóṣù Jánúárì tó kọjá. Ojú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ọmọ ọmọ wọn ló ń bá wọn ka owó, òun náà ló ti ń ṣe POS nísinsìnyí, wọ́n ti gbé òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì sẹ́bàá ibẹ̀, a ò gun àpáta mọ́. Mo ṣe transfer, ó wọlé lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí mo wọlé lọ dágbére, mo rí igbá yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, gbodo márùn-ún wà nínú ẹ̀. Mo bi wọ́n pé ta ló ni ín. Wọ́n ní obìnrin kan ni, láti Ògbómọ̀ṣọ́, pé ọdún tó kọjá ló kó ẹrù, ó ń bọ̀. Mo gbé igbá náà sójú ìmọ́lẹ̀. Kòkòrò ti jẹ méjì nínú wọn, ìyẹ̀fun ẹ̀ ti bo ìsàlẹ̀ igbá. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Màmá gba igbá lọ́wọ́ mi, wọ́n fẹ́ ìyẹ̀fun náà kúrò, wọ́n fọwọ́ ka márààrún wò, wọ́n sì dá a padà síbi tó wà.